Láti Orí Ààrò Mẹ́ta Dé Ìkòkò Oníná: Ìtàn Oúnjẹ Wa ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Bí olùkọ́ bá ní kí a kọ ìtàn Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀pọ̀ wa mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. A ó kọ nípa Ọba Kòsọ́kọ́ tó sá kúrò ní Èkó lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú náà ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tó sì wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. A ó kọ nípa ogun tí àwọn Ẹ̀gbá gbé ti Ìkòròdú, èyí tó parí ní oṣù Kẹta ọdún 1865. Ìtàn gidi ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n àwọn tó jagun wọ̀nyẹn jẹun kí wọ́n tó dìde ogun. Kí ni wọ́n jẹ? Ta ló sè é? Kí ni ẹni náà fi dáná? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ìlú tí kò bá mọ ìtàn oúnjẹ rẹ̀ kò tíì mọ ìtàn ara rẹ̀ tán.

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn oúnjẹ kan tó dà bíi pé kò ní ìtàn kankan lọ́dọ̀ wa: sìpàgẹ́tì tí a fi adìẹ àti mílíìkì sè, tí omi rẹ̀ ki, tó funfun, tí a sì sè nínú prẹ́ṣà kúkà tó ń lo iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkòròdú ló mọ oúnjẹ yìí ju ìkọ́kọrẹ́ lọ. Bí a bá tú u wò, a ó rí i pé ogun, òwò, òfin ìjọba àti iṣẹ́ àwọn ìyá wa ló wà nínú àwo kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìkòkò àtijọ́. Àwọn àgbà ní Oko Odú ni wọ́n ń pe Ìkòròdú níbẹ̀rẹ̀, nítorí ewéko odú tó pọ̀ níbẹ̀ nígbà tí àwọn tó tẹ ìlú náà dó kọ́kọ́ dé. Ẹ kíyè sí i pé ohun tó ń hù láti inú ilẹ̀ ni wọ́n fi sọ ìlú lórúkọ. Ẹ̀pẹ́ ní tirẹ̀ wà ní etí ọ̀sà. Ẹja ni ìlú náà fi gbajúmọ̀ láti ìgbà pípẹ́, títí di òní olónìí sì ni àwọn ènìyàn ń ti ibi gbogbo ní Èkó lọ ra ẹja ní Ọjà Olúwo. Ewùrà láti oko, ẹja láti inú ọ̀sà: nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé nínú ìkòkò kan, ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n dà. Oúnjẹ àwa Ìjẹ̀bú ni, láti Òde títí dé Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń sè é. Ìyá yóò gbé ìkòkò amọ̀ ka orí ààrò mẹ́ta, yóò sì da omi, epo pupa, ata, àlùbọ́sà, edé àti ẹja gbígbẹ sínú rẹ̀. Bí ó bá ti ń hó, yóò rin ewùrà, yóò fi iyọ̀ pò ó, yóò sì máa fi ọwọ́ bù ú ní ṣíṣù-ṣíṣù sínú omi ọbẹ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, ó di kí a má fọwọ́ kàn án. Bí ènìyàn bá rò ó lójú ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò fọ́ di àsáró ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀, ṣíṣù yóò jinná, díẹ̀ nínú ewùrà náà yóò sì yọ́ sínú omi ọbẹ̀, yóò mú un ki. Ìkòkò kan, iná kan, oúnjẹ àti ọbẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà dé orí rẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀nà òwò ni ogún tó tóbi jù lọ tí ìlú wa méjèèjì ní. Láti Ẹ̀bútè Ìkòròdú ni ẹrù ti ń gòkè láti Èkó lọ sí Rẹ́mọ àti ilẹ̀ Yorùbá tó jìnnà sí òkun, ibẹ̀ náà sì ni epo àti èkùrọ́ ń gbà sọ̀kalẹ̀. Èyí wà lára ohun tó mú kí àwọn Ẹ̀gbá fẹ́ ṣẹ́gun Ìkòròdú, òun náà ló sì mú kí John Hawley Glover, tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, kó ọmọ ogun wá láti lé wọn ní 1865. Kòsọ́kọ́ náà mọ iyì òwò. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, òun àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ òwò sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 1892, Ẹ̀pẹ́ kan náà ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gúnlẹ̀ kí wọ́n tó lọ bá àwọn Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn. Lẹ́yìn ìjà náà, kò sí ẹni tó lè ti ọ̀nà mọ́ òyìnbó mọ́. Ọ̀nà tí ìbọn là sílẹ̀ ni ìyẹ̀fun, ṣúgà àti mílíìkì inú agolo ń gbà wọ ilé wa.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ìkòkò tuntun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àná ni wọ́n ṣe prẹ́ṣà kúkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1679, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Denis Papin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ìkòkò irin kan tí ọmọrí rẹ̀ dé pinpin tí ooru kò fi lè jáde. Ó lò ó láti fi sè eegun títí eegun náà fi rọ̀. Nítorí pé irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ lè bú gbàmù, Papin ṣe ihò kékeré kan pẹ̀lú ìdérí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ bí ooru bá ti pọ̀ jù. Ihò kékeré yẹn ṣì wà lórí ọmọrí prẹ́ṣà kúkà títí di òní.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò le. Nínú ìkòkò lásán, omi kì í gbóná ju ìwọ̀n 100 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí a bá tilẹ̀ ko igi kún iná, ńṣe ni omi yóò máa di ooru, tí yóò máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá dé e pa, ooru tó ń wá ọ̀nà àbájáde yóò máa ti omi mọ́lẹ̀, omi náà yóò sì lè gbóná dé bíi 115 tàbí 120 kí ó tó hó. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà tó máa ń gba wákàtí méjì fi lè jinná láàárín bíi ogójì ìṣẹ́jú. Èyí tó ń lo iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì ní ohun kan nínú tó ń wọn ìgbóná, tó sì ń pa iná fúnra rẹ̀ bí àkókò bá pé. Ẹni tó ń dáná lè lọ wẹ̀, ó sì lè lọ bá ọmọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Bí a ṣe ń fi í sè sìpàgẹ́tì nìyí. A ó kọ́kọ́ tan iná ìkòkò náà láìdé e, a ó fi òróró díẹ̀ dín adìẹ tí a ti gé wẹ́wẹ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata rodo, kọrí, táìmù àti iyọ̀. A ó da omi sí i, a ó fi ṣíbí onígi họ ohun tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. A ó ṣẹ́ sìpàgẹ́tì sí méjì, a ó tò ó ní dábùú-dábùú kí ó má bàa lẹ̀ mọ́ra, a ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ wọ inú omi títí omi yóò fi bò ó. A kò ní rò ó. A ó dé e, a ó sì fún un ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀. Bí ó bá parí, a ó jẹ́ kí ooru jáde, a ó ṣí i, ìgbà náà ni a ó tó da mílíìkì sí i, nítorí pé bí mílíìkì bá bá iná pàdé láti ìbẹ̀rẹ̀, ó lè dì tàbí kí ó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Bí a bá wá rò ó, omi rẹ̀ yóò ki bí ọbẹ̀ tí a fi ìyẹ̀fun sí.

Kí ló mú un ki? Ohun tó yọ́ lára sìpàgẹ́tì ni, gẹ́gẹ́ bí ewùrà ṣe ń yọ́ sínú omi ìkọ́kọrẹ́. Ìkòkò kan, iná kan, ẹ má rò ó. Èmi gbà pé ìdí rèé tí oúnjẹ àlejò yìí kò fi ṣòro fún àwọn ìyá wa láti kọ́. Ọwọ́ wọn ti mọ ọ̀nà náà tipẹ́.

Ṣùgbọ́n báwo ni sìpàgẹ́tì ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe é, àlìkámà kì í sì í hù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, nítorí òjò àti ooru wa pọ̀ jù fún un. Ní 1962, ilé iṣẹ́ Flour Mills of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní Àpápá, láti inú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó o bọ̀ láti òkè òkun. Búrẹ́dì di oúnjẹ gbogbo ènìyàn. Nígbà tó di 1987, ìjọba fi òfin de kíkó àlìkámà wọlé kí a lè jẹ ohun tí a gbìn. Búrẹ́dì wọ́n, àwọn onífàyàwọ́ sì rí ọ̀nà ṣe. Ní 1992 ni wọ́n gbé òfin náà kúrò, láti ìgbà náà ni oúnjẹ oníyẹ̀fun ti ń pọ̀ sí i. Ìkòròdú wá wọ inú ìtàn náà gan-an, torí pé ní ìlú wa níbí ni ilé iṣẹ́ Dangote kọ́ ilé ìṣe sìpàgẹ́tì sí. Ìlú tí wọ́n fi ewéko sọ lórúkọ wá di ìlú tí ń fi àlìkámà ilẹ̀ òkèèrè ṣe oúnjẹ fún orílẹ̀-èdè.

Adìẹ náà ní ìtàn tirẹ̀. Adìẹ ìbílẹ̀ tí ń jẹ̀ kiri àgbàlá kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń pa lójoojúmọ́. Ti ọdún, ti ìkómọ tàbí ti àlejò pàtàkì ni. Ní 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ìbùdó àgbẹ̀ láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọ̀gbìn àti ọ̀sìn ìgbàlódé. Abẹ́ ìjọba yẹn ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967. Díẹ̀díẹ̀ ni adìẹ àgríìkì, tó ń tóbi láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, fi gba ọjà. Lónìí, àwọn tó ń sin adìẹ pọ̀ ní agbègbè wa, ìjọba sì ti fi òfin de kíkó adìẹ oní-yìnyín wọlé láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn kí iṣẹ́ wọn má bàa run.

Ìtàn iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì ló dùn mí jù lọ. Ní 1896 ni ẹ̀rọ amúnáwá àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó àti ilé iṣẹ́ wọn ló kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1980, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ amúnáwá ńlá sí Egbin, ní etí ọ̀sà níbí ní Ìkòròdú. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn pọ̀ lè mú iná mẹ́gáwáàtì 1,320 wá. Ó wà lára èyí tó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, àdúgbò wà ní Ìkòròdú tó jẹ́ pé ariwo jẹnẹrétọ̀ ni orin alẹ́ wọn. Wọ́n ti pín wa sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́: àwọn tó wà ní Band A ni wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 sì ni wọ́n sọ owó tí wọ́n ń san di èyí tó ju ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè ní prẹ́ṣà kúkà, kí ó máa fi í ṣe ọ̀ṣọ́ ilé. Orí omi ni a wà, a ń fi itọ́ sán-n-yìn.

Àwọn kan yóò ní, "Kí ló dé tí a kò padà sí ààrò mẹ́ta?" Mo bọ̀wọ̀ fún ìbéèrè náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń béèrè rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń fẹ́ná. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé èéfín inú ilé láti ara igi, èédú àti kẹrosíìnì ń pa nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn lọ́dọọdún. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ló ń jókòó ti iná náà jù. Màmá mi ń ṣiṣẹ́ ní òdìkejì Mile 12. Bí wọ́n tilẹ̀ ṣe ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT dé Ìkòròdú ní 2015, aago márùn-ún ìdájí ni màmá ń jáde, a sì lè má rí wọn títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, ogún ìṣẹ́jú tí ìkòkò náà fi pamọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìsinmi ni.

Nínú ìsinmi ọdún tó kọjá, ìyá ìyá mi, tí a ń pè ní Màmá Ẹ̀pẹ́, wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n rí prẹ́ṣà kúkà náà tó ń tu ooru, wọ́n sún sẹ́yìn.

"Ṣé kò ní bú báyìí?"

"Kò ní bú, mà. Ó ní ihò tí ooru ń gbà jáde."

Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ó dáa. Tó bá jẹ́ pé ó gbọ́n tó bí ẹ ṣe ń sọ, ẹ jẹ́ kó se ìkọ́kọrẹ́ ká rí i."

A ra ewùrà ní ọjà Ìkòròdú. Ẹja àrọ̀ tí wọ́n yan ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n fúnra wọn gbé wá. Wọ́n da omi, epo àti ata sí i dáadáa kí ìdí ìkòkò má bàa gbẹ, wọ́n fi ewùrà náà sórí rẹ̀ ní ṣíṣù-ṣíṣù, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má rò ó. Nígbà tí a ṣí i, ó jinná dé inú. Màmá Ẹ̀pẹ́ tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Òórùn igi ìdáná nìkan ló kù." Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bu àwo kejì.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìkòkò kọ́ ni ọ̀tá ìkọ́kọrẹ́. Ewu rẹ̀ wà ní ibòmíràn. Ewùrà kan ṣoṣo tí a rà lọ́jọ́ náà wọ́n ju ọ̀rá sìpàgẹ́tì méjì lọ. Oko tí ewùrà ń hù tẹ́lẹ̀ ti ń di ilé àti ilé ìtajà. Àwọn apẹja ń ráhùn pé yanrìn tí wọ́n ń fà nínú ọ̀sà ń ba ibi tí ẹja ń yé sí jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni sìpàgẹ́tì tí a gbára lé kò sí lọ́wọ́ wa. Nígbà tí ogun bẹ́ láàárín Rọ́ṣíà àti Ukraine ní oṣù Kejì ọdún 2022, àlìkámà wọ́n káríayé. Nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, gbogbo ohun tí a ń fi dọ́là rà tún fò sókè. Ìbọn dún ní ilẹ̀ tí a kò dé rí, àwo oúnjẹ sì kéré sí i ní Ìkòròdú. Ní 1892, àwọn baba ńlá wa rí ọmọ ogun tó ń la ọ̀nà lójú. Ní tiwa, iye owó tó wà lára ọ̀rá sìpàgẹ́tì nìkan ni a rí.

Kí wá ni ṣíṣe? Àkọ́kọ́, kí ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ rántí pé ilẹ̀ wa lè bọ́ wa. Ilé iṣẹ́ ìrẹsì tó wà ní Ìmọ́tà, ní agbègbè Ìkòròdú níbí, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 2023, fi hàn pé a lè ṣe nǹkan ńlá nílé. Irú owó bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbin ewùrà àti ẹ̀gẹ́, àti àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́. Ìkejì, kí iná Egbin tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé nítòsí rẹ̀ ní iye tí apá wọn ká. Ìkẹta kàn wá ní ilé ẹ̀kọ́. Nínú ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ, a máa ń kọ ìwọ̀n ìyẹ̀fun àti bọ́tà sílẹ̀ fún kéèkì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí a kọ ìwọ̀n omi àti ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Orí àwọn ìyá àgbà wa nìkan ló wà. Kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ mú bírò àti ìwé, kí ó lọ jókòó ti ìyá àgbà kan, kí ó wọn ohun tí ọwọ́ wọn ń bù, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ máa sè sìpàgẹ́tì fún wa, ó dùn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ máa kọ́ wa nípa Kòsọ́kọ́ àti Glover, ó ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún máa béèrè ohun tó wà nínú ìkòkò, ibi tó ti wá, àti ẹni tó ń jèrè lórí rẹ̀. Ẹni tó ń bọ́ni ló ń darí ẹni. Ìlú tó bá fẹ́ darí ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ lè gbé ka iná.